Oògùn Imú Tí Mo Rán Mọ́ Inú Ìrọ̀rí

Kí ló dé tí mo fi sọ pé rárá?

Ọ̀rọ̀ kan péré ni obìnrin apòògùn náà ń retí lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá. Kò sẹ́ni tó na ọ̀pá sí mi, kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, títí di òní mi ò rí ìdáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Bóyá ẹ̀yin á rí ohun tí èmi ò rí.

Iṣẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń ṣe. Àwa obìnrin mélòó kan la máa ń jókòó nínú yàrá gbọọrọ, a ó máa ki òwú sínú àpò ìrọ̀rí, a ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Òwú a máa fò bí eruku. Ó ń bà lórí irun, ó ń bà lórí ìpéǹpéjú, ṣùgbọ́n inú imú ló fẹ́ràn jù.

Nígbà tí mo bímọ tán tí mo padà síbi iṣẹ́, imú mi kàn dí ni, àfi bí ẹni pé wọ́n po ṣìmẹ́ńtì sí i. Ẹnu ni mo fi ń mí bí ajá tó sáré dé. Oorun di àlejò lójú mi.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti kíláàsì. Mi ò rí ilé ìwé lọ ní kékeré. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti ń kọ́ ìwé kíkà, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Tíṣà wa ti sọ fún wa pé àwọn ọ̀gá kan ń bọ̀ wá gbọ́ bí a ṣe ń kàwé sókè. Ẹni tó bá kà á bó ṣe yẹ, ó bọ́ sí kíláàsì tó kàn.

Bí mo bá wá dìde láti kàwé, gbogbo "mo" mi á di "bo". Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá ọmọ," Tíṣà á ní, "ẹ kọ́kọ́ fọn imú yín ná, ká lè mọ èdè tẹ́ ẹ̀ ń sọ."

Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìtìjú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí n gbádùn ọ̀nà ilé.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, òun ló ń bá mi tọ́jú ọmọ. Àgbàlagbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí igi àkàsọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó fẹ́ràn bíi kó rí mi kí n gbé ìwé lọ́wọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, "ọkọ mi" ló máa ń pè é. "Ọkọ mi, jẹ́ kí ìyá ẹ lọ kàwé o. Èmi àti ìwọ la jọ nilé."

Ọkọ mi gan-an, tó ń tún fìríìjì ṣe, kò fẹ́ràn kíláàsì náà. "Obìnrin tó bí ọmọ ọwọ́, ìwé wo ló tún ń kà?" Ó sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan: "Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá fa wàhálà bá ọmọ mi, ọjọ́ náà ló parí."

Màmá dá a lóhùn pé, "Èmi tí mò ń gbé ọmọ, ṣé mo ti wá fẹjọ́ sùn ọ́ ni? Lọ tún fìríìjì ẹ ṣe jàre."

Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn kí imú tó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Kẹ́míìsì ńlá kan wà lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi. Mo wọlé síbẹ̀, mo rí páálí oògùn imú tí wọ́n tò sórí pákó níwájú káńtà, tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ mú. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Ó ń la imú tó dí. Ó ń jẹ́ kí èèyàn mí dáadáa. Inú mi dùn bí ẹni tó rí lẹ́tà gbà.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, gbogbo ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde, òtítọ́ ni lójú rẹ̀. Ta ló máa jókòó, kó tẹ irọ́ sára páálí tó dán bẹ́ẹ̀?

Mo lò ó tán, imú ò là. Mo ra òmíràn. Imú dí sí i.

Bí ìfura ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú mi nìyẹn. Mo fura sí kẹ́míìsì pé ayédèrú ni wọ́n ń tà. Mo fura sí ọmọbìnrin tó ń kó ọjà sórí pákó. Mo fura sí Màmá pé bóyá ó ń fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀ nílé. Mo tiẹ̀ fura sí ara mi pé mo ṣì í kà. Mo mú páálí, mo fi ìka tọ̀ ọ́, mo tún un kà. Mi ò ṣì í kà.

Ní ibi iṣẹ́ wa, obìnrin kan wà tí a ń pè ní Mo-Gbọ́-Mo-Yà. Iná kò ní tíì kú nídìí ìkòkò ẹnikẹ́ni tó fi máa mọ ohun tí wọ́n sè níbẹ̀. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

"Ìwọ, oògùn wo lò ń lò?"

Mo júwe ẹ̀ fún un. Ó da òwú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sín.

"Eléyìí tó wà níta, tọ́wọ́ ọmọdé lè tó? Àwàdà nìyẹn! Ojúlówó wà lẹ́yìn káńtà. Ṣé ohun tó dára ni wọ́n máa ń kó síta ni? Lọ bá apòògùn fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí wàá sọ o. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá."

Mo lọ. Apòògùn náà obìnrin ni, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Obìnrin kan wà níwájú mi, mo gbọ́ tó ń sọ fún un pé, "Ẹ̀jẹ̀ yín ga, Màmá. Mi ò lè ta èyí fún yín." Obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ títí, ó jáde, ó ń kùn.

Ó kàn mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, oògùn imú tẹ́ ẹ kó sẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán yín wá?"

"Imú mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. "Káàdì ìdánimọ̀ yín ńkọ́?"

Káàdì ìdánimọ̀, nítorí ọ̀fìnkìn! "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ṣé mo jalè ni?"

"Ẹ má bínú. Àwọn oníṣẹ́ ibi kan máa ń rà á jọ ni, wọ́n á lọ fi se oògùn olóró tó ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di wèrè. Ìdí tá ò fi kó o síta nìyẹn."

Mo fún un ní káàdì mi. Ó wo àwòrán, ó wo ojú mi, ó tún wo àwòrán. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti ń ṣe bí ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ṣẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

"Rárá."

"Àìsàn ọkàn?"

"Rárá."

"Oyún?"

"Rárá o!"

"Ṣé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú?"

Ẹ̀yin ìyá á mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ kan ń ké lápá kejì kẹ́míìsì, ọmú mi gbọ́ ohùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Mo mọ̀ ọ́n lára bí aṣọ mi ṣe ń tutù. Mo gbé báàgì mi, mo fi bo àyà.

"Rárá," ni mo wí. "Mo ti já a lẹ́nu ọmú."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí báàgì, ó dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sẹ́yìn, ó mú oògùn náà wá.

Mo délé, mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú páálí náà, wọ́n ká a mọ́ra. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Mo jókòó sétí agbada ìwẹ̀, mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó láìbá dókítà sọ̀rọ̀, nítorí ó lè dín omi ọmú kù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ tó le ni, ṣùgbọ́n mo rí i kà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù lọ: inú mi dùn. Inú mi dùn pé èmi, tí wọ́n ń bá ka lẹ́tà lánàá, lè ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ délẹ̀ láìsí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo fa ìwé náà ya wẹ́wẹ́, mo dà á sínú ihò ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì gbé hóró kan mì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, imú mi là! Ó là bí ojú ọjọ́. Mo sùn bí òkúta. Nígbà tí mo jí, mo gbé ọmọ mi mọ́ra, mo sì gbọ́ òórùn orí rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti padà síbi iṣẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún. Ní kíláàsì, mo ka ojú ewé kan tán, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Mo sọ fún ara mi pé, "Tí ọjọ́ ìdánwò bá ti kọjá, mo máa dáwọ́ dúró." Ẹ gbọ́, bí gbogbo olè ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Níbo ni mo wá fẹ́ fi káàdì oògùn náà sí, èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n to hóró rẹ̀ sí lára? Kò sí igun ilé tí ìgbálẹ̀ Màmá kì í dé. Mo ronú kan iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo tú ojú ìrọ̀rí mi díẹ̀, mo ti káàdì náà sáàárín òwú, mo sì fi òwú ìránṣọ funfun rán an pa bí a ṣe ń rán an níbi iṣẹ́: kí ojú abẹ́rẹ́ kéré, kí kókó rẹ̀ yí sínú. Bí mo bá fẹ́ lò ó, màá tú u, màá tún un rán. Orí oògùn ni mò ń sùn lálaalẹ́.

Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó máa fa ọmú, ó máa jù ú sílẹ̀, ó máa figbe ta, ojú rẹ̀ á pọ́n. Ọmú mi rọ̀ bí àpò ìrọ̀rí tá ò tíì ki nǹkan sí.

Màmá ń wò mí. "Ìyàwó mi, ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá."

"Ṣé ò ń mu omi?"

"Mò ń mu ún."

"Kò sí nǹkan tó ò ń lò?"

"Kí ni mo fẹ́ máa lò, Màmá?"

Ó ní, "Ó dáa náà." Ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lára mi. Láti ìgbà náà, tó bá wọ yàrá, màá sún mọ́ ìrọ̀rí mi. Tó bá gbá ilẹ̀ pẹ́ níbì kan, màá máa ronú pé kí ló ń wá níbẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọ kò ké mọ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó yó, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmú sí i lẹ́nu, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ tó ti jẹun níta. Bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì.

Mo lọ sọ ọ́ fún Mo-Gbọ́-Mo-Yà. Kí ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀?

"Ọmọ tí ò fẹ́ ọmú ìyá ẹ̀, ó ti jẹun níbì kan ni."

"Ta ló máa fún un?"

"Ta ló ń gbé e?" Ó fi abẹ́rẹ́ na òfuurufú. "Ìfura loògùn àgbà o. Ìyá ọkọ ẹ ti fẹ́ gba ọmọ yẹn. Tó bá yá, á máa pe ìyẹn ní Màámi, á sì máa pe ìwọ ní Àǹtí ìrọ̀rí."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mo rọra ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn Màmá láti ilé ìdáná: "Mu ún, ọkọ mi. Mu ún kíá kí ìyá ẹ tó dé."

Mo yọjú. Fídà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agolo mílíìkì ọmọdé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

Ẹ rò pé mo pariwo? Mi ò pariwo. Iyàrá ni mo sá lọ, mo nawọ́ mú ìrọ̀rí mi.

Ọjọ́ mélòó kan ni mi ò ti tú u, torí imú mi ti fúyẹ́. Ẹlòmíràn ti tú u. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán an padà, ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, ó wọ́, bí ti ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Káàdì oògùn mi ti lọ.

Ní ìṣẹ́jú yẹn, mo gbàgbé fídà, mo gbàgbé mílíìkì. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: Màmá ti rí i. Tí ọmọ rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé e lé e lọ́wọ́. Kíláàsì parí. Bóyá ìgbéyàwó náà parí. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹnì kan bá máa sọ̀rọ̀ lónìí, èmi ló máa kọ́kọ́ sọ.

Ọkọ mi kò tíì bọ́ bàtà tán tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n ń fún ọmọ wa tí mi ò bá sí nílé."

Ó wo ìyá rẹ̀. "Màmá, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

Màmá gbé ọmọ sí èjìká. "Mò ń fún un ní fídà."

"Fídà kẹ̀? Ṣé nọ́ọ̀sì ò sọ pé ọmú nìkan ni ká máa fún un ni?"

"Ebi ń pa á."

"Ṣé ìyá ẹ̀ ò lọ́mú ni?"

Màmá yíjú sí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sínú àpò aṣọ rẹ̀, mo sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní ó ti dé, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà jáde lófo.

"Bi ìyàwó mi léèrè," ló wí, jẹ́jẹ́.

Àyè nìyẹn. Ó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi kí n gbabẹ̀ jáde. Kí ni mo ṣe? Mo tì í.

"Mo lọ́mú!" mo figbe ta. "Ọmọ ló ti gbàgbé ọmú nítorí fídà! Wọ́n fẹ́ gba ọmọ mi ni! Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọkọ wọn!"

Mo sunkún. Ẹkún náà tiẹ̀ kúkú jẹ́ òtítọ́, torí ẹ̀rù ń bà mí.

Ọkọ mi jókòó, ó dìde. "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ tún lè ṣe irú èyí lẹ́yìn wa? Ẹ máa lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi fúngbà díẹ̀ ná."

Màmá kò jà. Ó di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Má fi kíláàsì ẹ sílẹ̀ o."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo rò pé ó ń sọ fún mi pé ọjọ́ ń bọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Kò sí Màmá tó máa gbé ọmọ, mo gbé e pọ̀n lọ. Kò sí oògùn, imú mi ti dí padà. Mo dìde láàárín kíláàsì, mo fi imú dídí kàwé, gbogbo "mo" di "bo". Àwọn ọ̀gá náà gbọ́ mi títí dé ìparí, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹ bọ́ sí kíláàsì tó kàn."

Wọn ò tiẹ̀ bìkítà nípa imú mi.

Ṣùgbọ́n ọmọ ń rù. Fídà ti kúrò nílé, torí èmi ni mo sọ pé òun ló mú ọmọ gbàgbé ọmú. Ọmú mi ò sì tíì padà. Ọkọ mi ní ká lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ẹnu yà á. "Ìyá, oúnjẹ ò tó ọmọ yìí. Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Rárá."

Irọ́ tó bá ti jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í wúwo mọ́ lẹ́nu.

Ó ní ká tún máa fún un ní mílíìkì mọ́ ọmú. Ó sì ní ká ra omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ nímú, torí imú tirẹ̀ náà ti ń dí. Ọkọ mi yà sí kẹ́míìsì ńlá yẹn.

"Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ ká lọ sí ti ìsàlẹ̀."

"Kí ló ṣe èyí tó wà níwájú wa?"

A wọlé. Ọmọ bú sẹ́kún, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tí ọwọ́ ìyá máa ń ṣe: mo gbé ọmú sí i lẹ́nu níbẹ̀.

Apòògùn jáde láti ẹ̀yìn. Ó ti awò rẹ̀ sókè imú. Ó dúró.

"Ẹ̀yin rèé," ló wí. "Mo ti ń wá ojú yín."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ ara yín ni?"

Ọmọ tó wà láyà mi ni apòògùn ń wò. "Ìyá, ọmọ ta nìyí?"

"Tèmi ni."

"Ṣé òun náà lẹ ní ẹ ti já lẹ́nu ọmú?"

"Já kẹ̀?" Ọkọ mi wò mí, ó wo obìnrin náà. "Ta ló já a? Ọmọ tí ò tíì hu eyín! Kí ló rà níbí?"

Apòògùn wò mí bíi pé kí n sọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ ọmọ. Òun ló wá sọ pé oògùn imú ni, pé ó ń la imú lóòótọ́ ṣùgbọ́n ó lè gbẹ ọmú, pé ìdí tí òun fi bi mí nìyẹn.

"Ká ní ẹ sọ fún mi ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "omi iyọ̀ ni ǹ bá fún yín kẹ́ ẹ fi máa ṣan imú, tàbí èyí tí wọ́n ń fín sí i fọ́jọ́ díẹ̀. Imú yín á là, ọmọ yín á sì yó."

A jáde. Ọkọ mi kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó dúró létí títì, omi iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo lé ìyá mi jáde nílé," ló wí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìwé ò sí nínú páálí oògùn náà ni? Ṣé kò sọ ọ́ síbẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní tí mò ń kọ èyí.

"Ó wà níbẹ̀," mo ní. "Mo ṣì í kà ni."

Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe irun la gbà lọ. Ó ń ṣe irun oníbàárà kan lọ́wọ́, kò dá iṣẹ́ dúró. "Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́ ẹnu ẹnì kan, ẹ dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Oníbàárà tó wà lórí àga náà fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo kúnlẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí n parí ẹ̀bẹ̀. "Gbé ọkọ mi fún mi jàre, wo bó ṣe rù."

Ọkọ mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ nípa oògùn yìí?"

"Níbo ni màá ti mọ̀ ọ́n? Ṣé mo mọ̀wé ni?"

Mo gbójú sókè. Kò wò mí.

"Kò ní lọ sí kíláàsì yẹn mọ́," ọkọ mi wí. "Ìwé tó ń ṣì kà ló fẹ́ pa ọmọ mi."

"Ẹni tó bá ṣì í kà, ṣé kí ó fi í sílẹ̀ ni, àbí kó tún un kọ́?" Màmá ti gbé ọmọ sẹ́yìn. "Tí kò bá ní lọ sí kíláàsì, èmi náà ò bá yín padà. Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa gbọ́mọ."

Bí mo ṣe ń bá kíláàsì lọ nìyẹn. Ọmú mi padà díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi sanra. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Káàdì oògùn yẹn dà? Ó rí i, ó mú un, ó sì purọ́ fún ọmọ rẹ̀. Kí ló ń fi í pa mọ́ dè? Tá a bá ní gbólóhùn asọ̀ díẹ̀, màá máa wo ọwọ́ rẹ̀ pé ó ti fẹ́ yọ ọ́ jáde. Bó bá ń rẹ́rìn-ín sí mi, màá ní ó ń dọ́gbọ́n ni. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹni tó bá purọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ìyà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ọmọ mi ti ń gbé báàgì lọ sílé ìwé kí n tó tún nílò oògùn imú. Mo wọ kẹ́míìsì náà, mo rí i pé ibi tí àwọn páálí ìgbà yẹn máa ń wà lórí pákó ti ṣófo. Èmi àti apòògùn ti di ọ̀rẹ́ nígbà náà. Mo bi í.

"A ti kó o kúrò," ló wí. "Àwọn onímọ̀ ti tú u wò fínnífínní. Wọ́n ní téèyàn bá gbé e mì, kò la imú ju hóró tí ò ní oògùn nínú lọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Páálí tó dán bẹ́ẹ̀!

Ó bá mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá àgbà yẹn ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá ọkọ yín. Ṣé wọn ò sọ fún yín rárá? Ó tó gẹ́ẹ́, màá sọ ọ́. Wọ́n ti wá bá mi kí ẹ̀yin àti ọkọ yín tó wá. Wọ́n di káàdì oògùn sínú aṣọ ìnujú, òwú ìrọ̀rí ṣì wà lára ẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni èyí ń ṣe fún ìyá ọlọ́mọ. Mo sọ fún wọn. Wọ́n fi káàdì náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá wọn jù ú nù, wọ́n ní kí n júwe mílíìkì tó dáa fún ọmọ. Mo ní kí wọ́n mú yín wá kí n bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní, 'Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo dé ibí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kà ni, ó ṣì í kà ni. Tí ọkọ ẹ̀ bá gbọ́, kò ní jẹ́ kó kàwé mọ́.'"